Ilé Tí Wọ́n Fi Èjìká Wọ̀n

Ìró omi ni ohun àkọ́kọ́ tí obìnrin kan rántí láyé rẹ̀. Tó. Tó. Tó. Omi òjò ni, ó ń jò láti àárín òrùlé ilé bàbá rẹ̀ sínú abọ́ irin kan tí wọ́n gbé sí ẹsẹ̀ ibùsùn. Bí abọ́ náà bá ṣófo, ìró yẹn a dún ketekete. Bí ó bá ti ń kún, ohùn rẹ̀ a wálẹ̀, a rọ̀, a dà bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ. Láti orí ẹní tí ọmọdébìnrin náà dùbúlẹ̀ sí ló ti máa ń mọ̀ bóyá abọ́ ti kún tàbí kò tíì kún. Bàbá rẹ̀ a yí ẹ̀gbẹ́ padà, a ní, "Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, a máa tún un ṣe." Ẹ̀ẹ̀rùn a dé, òrùlé a gbẹ, bàbá a gbàgbé. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ohun tó bá ti bàjẹ́ nínú ilé rẹ̀, ó ti di ará ilé nìyẹn.

Nígbà tí ó dàgbà, tí ó lọ sílé ọkọ, ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan ni òjò àkọ́kọ́ bá wọn níbẹ̀. Àwọn méjèèjì dùbúlẹ̀. Òjò ń lu páànù bí ẹni ń da ẹ̀wà gbígbẹ sílẹ̀. Obìnrin náà tẹ́tí sílẹ̀, ó ń retí kí nǹkan kan jò, kí ọkàn òun lè balẹ̀, kí òun lè sùn. Nǹkan kan kò jò.

"Kí ló dé tó ò sùn?" ọkọ rẹ̀ béèrè.

"Ilé yín dákẹ́ jù."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ibùsùn fi ń mì. "Ṣé kí n lu ihò kan sí i fún ẹ ni?"

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ìyá Áyọ́ọ̀nù ni àwọn ará àdúgbò ń pè é, nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ló ti wà ní ibi ìfọṣọ ilé ìwòsàn ńlá kan, tó ń lọ aṣọ. Aṣọ ibùsùn funfun, ẹ̀wù funfun àwọn nọ́ọ̀sì, kọ́tìnì funfun: ohun gbogbo ló funfun níbẹ̀, títí kan èéfín tó ń rú jáde bí áyọ́ọ̀nù bá ti kan aṣọ tútù. Àárín èéfín yẹn ló ń dúró láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ìkùukùu. Ó fẹ́ràn ibẹ̀. Ọkàn ènìyàn lè rin ìrìn àjò tó jìn níbẹ̀, kí ó lọ kí ó bọ̀, láìsí ẹni tó máa béèrè pé níbo lo lọ.

Àmọ́ iṣẹ́ náà kò ṣàánú èjìká rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè kí ó fa aṣọ kan wálẹ̀ lórí okùn. Ọwọ́ náà gòkè dé ìwọ̀n èjìká, ó fi àáké kọ́rí. Ó bẹ̀ ẹ́, ó fi ọwọ́ òsì tì í, kò gbà. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ti òsì náà fi fara wé e, bí ìbejì. Dókítà tẹ ibẹ̀ yí ká, ó ní, "Màmá, àwọn èjìká yìí ti ṣiṣẹ́ títí, ó ti rẹ̀ wọ́n. Wọn ò ní kọjá ibí yìí mọ́." Wọ́n gbé e kúrò nídìí áyọ́ọ̀nù lọ sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń ká aṣọ. Orúkọ náà kò bá a kúrò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ dókítà yẹn, ó wọ yàrá ìdáná kí ó mú àwo. Ọkọ rẹ̀ sáré bọ́ síwájú rẹ̀, ó gbé àwo náà wálẹ̀ fún un.

"Ẹ fi mí sílẹ̀!" ni ó sọ, ohùn rẹ̀ le débi pé ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. "Ọwọ́ ló ń dùn mí. Mi ò tíì di ẹrù."

Ọkùnrin náà wò ó. Ó rọra dá àwo náà padà sókè, ó lọ jókòó. Kò tún dán an wò mọ́ láti ọjọ́ náà.

Òun ni wọ́n ń pè ní Bàbá Túnunṣe. Ilé búrẹ́dì ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìdájí ló ń jáde, ọ̀sán ló ń wọlé, ìyẹ̀fun á wà nínú ìpéǹpéjú rẹ̀, òórùn ìwúkàrà á sì máa rùn lára ẹ̀wù rẹ̀. Á sùn díẹ̀. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ pupa bá gba ojú fèrèsé wọlé, ìgbà náà ni ìró òòlù máa bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin gíga ni, ó ga bí òpó iná, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í dilẹ̀. Kò sí ohun tó bàjẹ́ tí kò lè tún ṣe: àga, ẹ̀rọ omi, fèrèsé, bàtà, agboòrùn. Ohun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ kò fẹ́ràn. Ohun tí ó bá tún ṣe kì í padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Kọ́bọ́ọ̀dù àwo ló kọ́kọ́ ṣe. Ó tú u lára ògiri, ó sọ ọ́ kalẹ̀, débi pé àlejò gbọ́dọ̀ tẹ̀ba kó tó rí ife. Lẹ́yìn náà ló kan ọwọ́ ilẹ̀kùn tó wà lókè tẹ́lẹ̀, tó wá dà bí ilẹ̀kùn ilé ọmọlángidi. Lẹ́yìn náà súìṣì iná, lẹ́yìn náà ìkọ́ tí wọ́n ń fi aṣọ kọ́, lẹ́yìn náà okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí ní ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tó yá ó fọwọ́ kan dígí. Láti ìgbà náà, bí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́ fá irùngbọ̀n, ó ní láti ṣẹ́ orúnkún méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ jókòó sórí àga tí kò sí níbẹ̀.

"Bàbá ọmọ," ìyàwó rẹ̀ a ní, "ṣé ojú lẹ fi ń wọn nǹkan ni, àbí imú?"

"Ìṣó ẹ̀ ló dẹ̀," ọkùnrin náà a dáhùn. "Ògiri òkè yẹn ò di ìṣó mú mọ́. Ìsàlẹ̀ ló le."

"Gbogbo ògiri ilé yìí?"

"Gbogbo ẹ̀. Ilé àtijọ́ ni, ìyàwó."

Ó máa ń ti ìyàwó rẹ̀ lójú. Àwọn tí wọ́n jọ ń ká aṣọ wá kí i nílé lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn fi orí gbá igun kọ́bọ́ọ̀dù, àwọn yòókù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lọ tán, ó jókòó, ó ń ronú ilé tí òun ìbá ní: ilé tí ohun gbogbo wà níbi tó wà nílé ọmọ ènìyàn.

Nígbà tó yá, ojú Bàbá Túnunṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn. Awọ kan bò ó, funfun bí omi tí wọ́n fọ ìrẹsì nínú rẹ̀. Àtàǹpàkò ló wá ń lù dípò ìṣó. Ó gun àkàbà lọ wo òrùlé lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wá àtẹ̀sẹ̀ tì nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀. Díẹ̀ ló kù kó jábọ́. Ọmọ wọn obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì nílùú mìíràn, gbọ́, ó sì wá. Òun ló fa bàbá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tí ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú náà, ó sì yọrí sí rere, ṣùgbọ́n wọ́n fi báńdéèjì di ojú méjèèjì, wọ́n ní kó dùbúlẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn ná.

Àsìkò yìí ni ọmọ náà bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká ṣe é kí Dádì tó dé. Ká pe káfíńtà. Kọ́bọ́ọ̀dù tuntun, ilẹ̀kùn tuntun, dígí téèyàn máa rí orí ara ẹ̀ nínú ẹ̀. Ká tún ilé yìí ṣe pátápátá, kó má sí nǹkan kan tó máa kù tí wọ́n máa torí ẹ̀ gun àkàbà mọ́."

"Tí kò bá sí nǹkan tó máa tún ṣe, kí ló wá máa ṣe?"

"Wọ́n á sinmi."

"Bàbá ẹ? Sinmi?" Ìyá náà fọwọ́ bo ẹnu. "Ọjọ́ tó bá sinmi, yáa sáré lọ pe dókítà."

"Mọ́mì, mi ò ṣeré o. Tí wọ́n bá já bọ́ ńkọ́?"

Ẹ̀rù àkàbà yẹn ń ba ìyá pẹ̀lú. Ká má parọ́, ilé tí òun ti ń fojú inú rí láti ọjọ́ pípẹ́ náà tún wá dúró síwájú rẹ̀, ó ń dán bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Síbẹ̀ nǹkan kan ń gún un lọ́kàn: ọkùnrin náà máa la ojú tuntun, ohun tó sì máa fi ojú náà rí ni ilé tí kò nílò rẹ̀ mọ́. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò títí, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ó dáa," ni ó sọ. "Pè é."

Káfíńtà náà dé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àgbàlagbà ọkùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ọmọ ti lọ bá bàbá rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Ìyá nìkan ló wà nílé. Káfíńtà dojú kọ kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́, ó fà á, ó fi irin tú u, ó làágùn, ó bú ìṣó.

"Màmá, ta ló kan nǹkan yìí? Ẹni yìí ò fẹ́ kó kúrò níbẹ̀ títí ayé."

"Ọkọ mi ni. Ẹ má dá a lóhùn. Ó ní òkè ò di ìṣó mú."

Káfíńtà gbé ojú sókè wo ibi tí kọ́bọ́ọ̀dù wà tẹ́lẹ̀ rí. Ó fi òòlù kan ibẹ̀, ó kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i. "Òkè wo? Ògiri yìí le bí òkúta. Ẹ wo ojú ìṣó àtijọ́, ìṣó kankan ò dẹ̀ níbẹ̀ rí. Wọ́n fọwọ́ yọ ọ́ ni."

Obìnrin náà rò ó lọ́kàn pé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kì í yin ara wọn.

Kọ́bọ́ọ̀dù tuntun tí káfíńtà gbé wá gun ògiri, ó dára lójú, ó ń dán. Káfíńtà lọ sí ẹnu ọ̀nà láti wo ilẹ̀kùn. Ìyá Áyọ́ọ̀nù mú àwo kan, inú rẹ̀ ń dùn bíi ti ọmọdé, ó gbé e sókè kí ó tò ó. Ọwọ́ rẹ̀ dé ìwọ̀n èjìká, ó dúró. Ó gbìyànjú ọwọ́ kejì. Ó dìde dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, bí ẹni tó ń bẹ ẹnì kan pé kó fi nǹkan sí i fún òun, ó sì rí i pé ó ti pẹ́, ó ti pẹ́ gan-an, tí òun ti gbàgbé pé ọwọ́ òun kì í lọ sókè.

"Màmá," káfíńtà pè é láti ẹnu ọ̀nà, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan kan. Ó ń yà mí lẹ́nu."

Ó ti so okùn tí ó fi ń fa ìlà mọ́ ìṣó ìkọ́ aṣọ ní yàrá, ó ń fà á bọ̀ wá sí yàrá ìdáná. Okùn náà kọjá lára súìṣì, ó kọjá lára ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó kan ojú ibi tí wọ́n ti yọ pẹpẹ kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́. Kò ga ju ọ̀kan lọ, kò sì rẹlẹ̀ ju ọ̀kan lọ.

"Gbogbo nǹkan ilé yìí ló wà lórí ìlà kan ṣoṣo," ni ó sọ.

"Ọkọ mi ò mọ nǹkan wọ̀n ni."

"Ẹni tí ò mọ nǹkan wọ̀n kì í ṣe é kó bára mu báyìí. Ó ní ohun tó fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ yà díẹ̀, kí okùn yẹn má kọ́ yín lọ́rùn."

Ó yà. Okùn náà kàn án díẹ̀, ó wálẹ̀ jẹ́ẹ́, ó sì sinmi lórí èjìká rẹ̀ bí ẹyẹ.

Káfíńtà wo okùn, ó wo èjìká, ó wo ojú obìnrin náà.

Ilé náà yí padà lójú obìnrin náà bó ṣe dúró síbẹ̀. Ó dà bí ẹni pé omi kan ti kún inú rẹ̀ nígbà kan, omi tó mọ́, tó dúró jẹ́ẹ́, tó kan òun léjìká ní gbogbo yàrá, tí òun sì ti ń wẹ̀ nínú rẹ̀ láti ọjọ́ yìí láìmọ̀. Ó rántí pé bí òun bá dúró nídìí ààrò, ọkùnrin náà a máa gba ẹ̀yìn wá, a gbé àtẹ́lẹwọ́ lé òun léjìká fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Lẹ́yìn náà a yí padà lọ, ọwọ́ yẹn a sì ṣì wà nínú afẹ́fẹ́ níbi tó wà, ó tẹ́jú, kò gòkè, kò wálẹ̀. Obìnrin náà máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Ó máa ń sọ pé ilé búrẹ́dì ti wọ ọ́ lórí, pé ó rò pé òun gbé páálí búrẹ́dì lọ́wọ́.

Gbogbo ìṣó tó dẹ̀ nínú ilé yẹn, kò sí ọ̀kan tó dẹ̀ nínú wọn.

"Ṣé kí n sọ kọ́bọ́ọ̀dù yìí kalẹ̀ ni?" káfíńtà béèrè, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Kò le. Kí n tó mumi tán ni."

"Rárá. Ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, ẹ má fọwọ́ kan dígí. Ẹni tó máa sọ ọ́ kalẹ̀ ń bọ̀."

Ọmọ dé ní ọ̀sán, ó bá káfíńtà tó ń di irinṣẹ́. "Mọ́mì! Ẹ dá wọn dúró? Àárín iṣẹ́?"

"Wá síbí. Tẹ̀ba."

"Kí ni?"

"Tẹ̀ba, kó o kéré tó mi. Bẹ́ẹ̀ ni. Máà jẹ́ kí ọwọ́ ẹ kọjá èjìká. Ó yá, mú ife fún mi nínú kọ́bọ́ọ̀dù tuntun ẹ yẹn."

Ọmọ náà na ọwọ́. Ó wo ife. Ìyá rẹ̀ fi orí tọ́ka okùn tó ṣì wà níbẹ̀, tí káfíńtà kò tíì tú, láti yàrá dé yàrá. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé e. Nígbà tó yé e, kò dìde lórí orúnkún tó ṣẹ́.

"Wọn ò sọ fún wa rí," ni ó sọ.

"Ṣé ó lè sọ ọ́? Mo ti fi ẹnu mi lé e sẹ́yìn lọ́jọ́ tó fẹ́ gbé àwo fún mi."

"Àkàbà yẹn ńkọ́, Mọ́mì? Ẹ̀rù ṣì ń bà mí o."

"Lọ wá ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ wa, kó gbé e lọ. Ibi tí bàbá ẹ ti ń ṣiṣẹ́ fún mi, ilẹ̀ lèèyàn ń dúró sí."

Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá nìkan lọ sí ilé ìwòsàn. Ọkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ lórí aṣọ funfun tí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun ló ká a lọ́sẹ̀ tó kọjá, ojú rẹ̀ nínú báńdéèjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ gígùn yọ jáde ní òpin ibùsùn. Ìyàwó rẹ̀ kò tíì jókòó tí ọkùnrin náà fi gbé imú sókè.

"Ìyàwó. Òórùn pákó tuntun ń rùn lára ẹ. Ta ló wọ ilé mi?"

"Káfíńtà."

Ọwọ́ ọkùnrin náà ń wá etí aṣọ ibùsùn, ó rí i, ó dì í mú. "Ó dáa," ni ó sọ nígbà tó yá. "Ó dáa. Ó yẹ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe dé ibẹ̀."

"Kò mọ̀ ọ́n ṣe."

"Káfíńtà?"

"Kò mọ̀ ọ́n ṣe rárá. Ó gbé kọ́bọ́ọ̀dù lọ sọ́run. Orí tábìlì ni gbogbo àwo mi wà báyìí, mò ń dúró de ẹni tó máa sọ ọ́ kalẹ̀."

Ọkùnrin náà túbọ̀ di aṣọ náà mú.

"Ó ní ògiri òkè yẹn le bí òkúta," ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ síwájú. "Ó ní kò sí ìṣó tó dẹ̀ níbẹ̀ rí."

"Àwọn káfíńtà yìí," Bàbá Túnunṣe sọ, ó yí orí sí ògiri. "Irọ́ wọn pọ̀."

"Ó ti tó ìgbà wo tẹ́ ẹ ti ń ṣẹ́ orúnkún kẹ́ ẹ tó fá irùngbọ̀n?"

"Ó ń mú ẹsẹ̀ mi le. Eré ìdárayá ni."

Obìnrin náà sún àga mọ́ ibùsùn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti kó jọ lójú ọ̀nà bọ́ lọ mọ́ ọn lọ́wọ́, bí aṣọ tútù tó wúwo. Ó mú ọwọ́ ọkùnrin náà tó ń di aṣọ, ó tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ náà lé èjìká ara rẹ̀, ó sì dìde dúró tì í, kí ìwọ̀n náà lè pé.

"Ẹ ṣeun, Bàbá ọmọ."

"Kí ni mo ṣe?"

"Àwọn ìṣó tó dẹ̀ yẹn."

Ọwọ́ náà wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan gba ẹnu ọ̀nà kọjá, ó wò wọ́n, ó mú ojú kúrò. Nígbà tó yá, Bàbá Túnunṣe mi orí bí ẹni tó ń ṣírò nǹkan.

"Ó ti wálẹ̀ díẹ̀ o," ni ó sọ. "Ìwọ̀n ìka kan. Tí wọ́n bá ti tú ojú mi, dígí yẹn máa wálẹ̀ sí i."

"Ẹ̀yin náà á wá máa fá irùngbọ̀n lórí ìjókòó nìyẹn."

"Ìyẹn ló dáa jù. Ó ti ń rẹ̀ mí."

Nígbà tí Ìyá Áyọ́ọ̀nù dé ilé, oòrùn kò tíì wọ̀ tán. Ọmọ rẹ̀ ti jáde lọ wá ẹni tó máa gbé àkàbà. Ilé dákẹ́. Eruku pákó wà káàkiri ilẹ̀ yàrá ìdáná, àwọ̀ rẹ̀ bí àwọ̀ búrẹ́dì, ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ń gba àárín rẹ̀ kọjá níbi tí atẹ́gùn ti gbé díẹ̀ sókè. Ó bọ́ bàtà. Ó wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku náà má baà fò, ó mú ìgbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti igun. Ó gbá abẹ́ tábìlì, ó gbá ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó fi ẹ̀gbẹ́ ìgbálẹ̀ tọ́ èyí tó há sí ojú pákó ilẹ̀. Ó kó gbogbo rẹ̀ jọ, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìkólẹ̀ kó o. Ó gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó dà á síbi tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí, ó gbá ìkólẹ̀ náà mọ́ ògiri kí èyí tó lẹ̀ mọ́ ọn lè bọ́. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó sì fọ ọwọ́.